Owó Iṣẹ́ Àwọn Awakọ̀ Bàálù Agbègbè ní Amẹ́ríkà: Ọwọ́ Ta Ni Àpò Wà?

Bí ènìyàn bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ American Airlines, Delta tàbí United láti lọ sí ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí bàálù tí yóò gbé e má jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó rẹ̀ rárá. Orúkọ ńlá yẹn ni yóò wà lára bàálù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá wo tíkẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, yóò rí orúkọ mìíràn tí wọ́n kọ tín-ín-tín sí ìsàlẹ̀: Endeavor Air, Republic, SkyWest, PSA, Envoy, Piedmont, tàbí òmíràn tí kò gbọ́ rí. Ilé-iṣẹ́ bàálù agbègbè ni a ń pe àwọn wọ̀nyí. Kí àjàkálẹ̀ àrùn COVID tó dé, nǹkan bí méjì nínú bàálù márùn-ún tí ń gbéra ní Amẹ́ríkà lójoojúmọ́ ni ó jẹ́ tiwọn, àwọn ìlú kéékèèké kan sì wà tí ó jẹ́ pé bàálù wọn nìkan ni ó ń balẹ̀ síbẹ̀.

Ìròyìn méjì ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú nípa àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó sọ pé awakọ̀ tuntun ń gba 90 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí kan. Èkejì ni èyí tí ó sọ pé àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ti dìbò, tí gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fohùn ṣọ̀kan tán pé àwọn yóò yanṣẹ́ lódì. Ẹni tí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́ yóò béèrè pé kí ni wọ́n tún ń wá; ẹni tí ó gbọ́ èkejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe yí ìrìnàjò rẹ̀ padà. Àwọn méjèèjì ni ó ṣì í gbọ́. Wákàtí inú ìròyìn àkọ́kọ́ kì í ṣe wákàtí bí aago ṣe ń kà á, ìbò inú ìròyìn kejì kò sì túmọ̀ sí pé ìyanṣẹ́lódì ń bọ̀ lọ́la tàbí lọ́dún tí ń bọ̀ pàápàá. Kí a tó dé orí méjèèjì, ohun kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé lójú tèmi, òun ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀: ẹni tí ó ń bá awakọ̀ dúnàádúrà kì í ṣe ẹni tí àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó ni èrò àti ẹni tí ó ni awakọ̀

Ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni ó ń pinnu iye tí yóò tà á, òun ni ó ń sọ ìlú tí bàálù yóò lọ àti àkókò tí yóò gbéra, òun náà ni ó sì sábà máa ń san owó epo. Ilé-iṣẹ́ agbègbè ní tirẹ̀ yóò pèsè awakọ̀, òṣìṣẹ́ inú bàálù àti àwọn mẹkáníìkì, yóò sì máa tọ́jú bàálù. Fún èyí, ilé-iṣẹ́ ńlá yóò máa san iye kan tí wọ́n ti jọ fohùn sí tẹ́lẹ̀ fún un lórí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan àti wákàtí tí bàálù fi ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé èrò kún inú bàálù tàbí pé ìjókòó rẹ̀ ṣófo. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá gbówó lórí lásìkò ọdún, èrè náà kò kan ilé-iṣẹ́ agbègbè; bí epo bá wọ́n gógó, àdánù náà kò kàn án pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ó kù fún un láti jèrè ni kí ìnáwó rẹ̀ kéré sí owó tí wọ́n ń san fún un, owó awakọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìnáwó díẹ̀ tí agbára rẹ̀ ká.

Nítorí náà, bí àwọn aṣojú awakọ̀ bá jókòó síwájú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ agbègbè, tí wọ́n sì ní kí wọ́n fi owó kún owó, àwọn ọ̀gá náà lè dáhùn pé àdéhùn àwọn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá ti fi iye tí ń wọlé fún àwọn lélẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àti pé bí àwọn bá ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ ńlá yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn nígbà tí àdéhùn bá parí. Èsì yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ohun tí ó sì mú un burú nìyẹn. Ẹni tí ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí nínú yàrá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ agbègbè kan wà tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá fúnra rẹ̀. Delta ni ó ni Endeavor; American ni ó ni Envoy, PSA àti Piedmont. Ènìyàn lè rò pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ yóò ti rọrùn, níwọ̀n bí bàbá kan náà ti bí wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013 àti 2014 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. American fẹ́ pín àwọn bàálù tuntun tí wọ́n tóbi díẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ PSA fọwọ́ sí àdéhùn tí ó dín owó tí wọ́n lè retí kù, bàálù tuntun sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn awakọ̀ Envoy ní oṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n dìbò, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Bàálù tí wọ́n ń retí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbòmíràn. Nígbà tí ó yá, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn kí bàálù náà tó wá sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún awakọ̀ kan. Bí bàálù kò bá wọlé, kò sí àyè ọ̀gá awakọ̀ tuntun, igbákejì awakọ̀ tí ó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá yóò sì wà nípò igbákejì fún ọdún gbọọrọ. Bí ó bá gbà á, yóò rí ìgbéga, ṣùgbọ́n yóò máa gba owó tí ó kéré, yóò sì ti di ìwọ̀n tí wọn yóò fi wọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kejì. Àwọn awakọ̀ kórìíra ọ̀nà yìí ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú iṣẹ́ wọn, mo sì rò pé ó tọ́ kí wọ́n kórìíra rẹ̀.

Ẹnì kẹta kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ìròyìn kì í sábà dárúkọ: àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá fúnra wọn. Wọ́n ti fi sínú ìwé àdéhùn tiwọn pé bàálù tí ilé-iṣẹ́ wọn bá gbé fún ilé-iṣẹ́ agbègbè kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n báyìí lọ. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìjókòó 76, àti ìwúwo tí kò ju 86,000 pọ́n-ùn lọ nígbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra. Nítorí àlà yìí, nígbà tí Embraer ṣe bàálù E175-E2, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í jẹ epo púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó wúwo ju 86,000 pọ́n-ùn lọ, kò sí ilé-iṣẹ́ agbègbè kan ní Amẹ́ríkà tí ó lè lò ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí. Àwọn awakọ̀ ńlá ń dáàbò bo iṣẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bàálù tí kò lè gbé ju èrò 76 lọ kò lè mú owó wọlé bí èyí tí ń gbé 180, nítorí náà àlà yẹn náà wà lára ohun tí ó fi òpin sí iye tí awakọ̀ agbègbè lè béèrè.

Wákàtí tí kì í ṣe wákàtí

Awakọ̀ bàálù kì í gba owó láti ìgbà tí ó bá wọ aṣọ iṣẹ́. Wákàtí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàálù bá kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́, ó sì parí nígbà tí ó bá dúró síbi tí èrò yóò ti sọ̀. Kí bàálù tó ṣí, ó ti lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní pápákọ̀: ó ti yẹ ojú ọjọ́ wò, ó ti rìn yí bàálù ká láti wo táyà àti ìyẹ́ rẹ̀, ó ti jíròrò iye epo tí wọn yóò gbé. Láàárín ìrìnàjò kan sí èkejì, ó lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Bí òjò bá fa ìdádúró nígbà tí bàálù kò tíì kúrò ní àyè rẹ̀, gbogbo wákàtí yẹn lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí, tí ó dé hòtẹ́ẹ̀lì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lè má rí ju wákàtí márùn-ún lọ kà síwájú owó.

Òfin pẹ̀lú fi òpin sí wákàtí yìí. Àjọ FAA tí ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú kò gbà kí awakọ̀ fò ju wákàtí 1,000 lọ láàárín ọjọ́ 365, nítorí pé ẹni tí ó ti rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí ẹ̀mí àádọ́rin ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àdéhùn ní tirẹ̀ sábà máa ń ṣèlérí iye wákàtí tí owó rẹ̀ kò ní yẹ̀ lóṣù, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Nǹkan bí wákàtí 75 ni ó wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ 90 dọ́là fún wákàtí, tí ó sì fi wákàtí ogójì lọ́sẹ̀ ṣe ìṣírò bí ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, yóò rí 187,200 dọ́là lọ́dún. Ṣùgbọ́n wákàtí 75 lóṣù, ní 90 dọ́là, fún oṣù méjìlá, jẹ́ 81,000 dọ́là. Ní àkókò tí owó àwọn igbákejì tuntun kò ju nǹkan bí 20 dọ́là lọ fún wákàtí, ìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí títí di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, ìṣírò kan náà yóò fún wa ní 18,000 dọ́là. Owó yìí ni wọ́n ń san lọ́dún fún ẹni tí ó jókòó sínú ihò awakọ̀, tí orúkọ Delta tàbí United wà lára bàálù rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìdúnàádúrà fi máa ń jà lórí àwọn gbólóhùn tí ó jọ pé kò ní ìtumọ̀ lójú ará ìta. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń ṣojú awakọ̀ lè béèrè pé fún gbogbo wákàtí méjì tí awakọ̀ bá fi wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n san wákàtí kan ó kéré tán, bí bàálù tilẹ̀ jókòó. Wọ́n lè béèrè pé kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí awakọ̀ bá kúrò nílé ní iye wákàtí tí kò gbọdọ̀ dín. Wọ́n lè jà lórí owó ẹni tí ilé-iṣẹ́ ní kí ó wọ bàálù gẹ́gẹ́ bí èrò lọ sí ìlú tí iṣẹ́ ti ń dúró dè é, tàbí lórí ẹni tí ó ń dúró lẹ́bàá fóònù fún ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n lè pè é bí ẹlòmíràn bá ṣàìsàn. Àdéhùn tí ó fi dọ́là márùn-ún kún owó wákàtí lè mówó wá ju èyí tí ó fi dọ́là mẹ́wàá kún un lọ, bí ti àkọ́kọ́ bá tún gbólóhùn wọ̀nyí ṣe, tí ti kejì kò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ ni ọ̀rọ̀ owó wákàtí yìí.

Kí ló dé tí wọn kì í kàn fi ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré sílẹ̀? Ipò àgbà ni ìdáhùn rẹ̀. Ọjọ́ tí awakọ̀ wọ ilé-iṣẹ́ ni ó ń pinnu ohun gbogbo: owó rẹ̀, ìlú tí yóò máa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ tí yóò sinmi, ìgbà tí yóò di ọ̀gá awakọ̀, àti ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ dá dúró bí iṣẹ́ bá kù. Ipò yìí kì í bá ènìyàn lọ síbòmíràn. Ọ̀gá awakọ̀ tí ó ti lo ọdún méjìlá ní ilé-iṣẹ́ agbègbè kan, tí ó sì kó lọ sí èkejì, yóò wà lẹ́yìn ọmọdé tí ó wọlé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀. Èyí ni ó ń so wọ́n mọ́lẹ̀, òun náà ni ó sì jẹ́ kí ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ wọn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Òfin tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ falẹ̀

Òfin tí ó de àwọn awakọ̀ bàálù kì í ṣe èyí tí ó de òṣìṣẹ́ ilé ìtajà tàbí ti ilé ìtẹ̀wé. Òfin ọkọ̀ ojú irin ni. Wọ́n ṣe Railway Labor Act ní ọdún 1926 kí ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá má baà dá rélùwéè dúró káàkiri orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1936 ni wọ́n sì nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ òfúrufú. Gbogbo ohun tí ó dà bí ìfàsẹ́yìn nínú ìdúnàádúrà àwọn awakọ̀ ni òfin yìí dìídì fi síbẹ̀.

Lábẹ́ òfin yìí, ìwé àdéhùn kì í kú. Ó ní ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àtúnṣe, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá kọjá, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ títí tí wọn yóò fi rí òmíràn. Ilé-iṣẹ́ kò lè dín owó kù, awakọ̀ kò sì lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó jọ ìdájọ́ òdodo láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò dọ́gba: ọjà ń wọ́n lọ́dọọdún, owó awakọ̀ sì dúró lójú kan. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ìdúnàádúrà bá fi falẹ̀ jẹ́ ọdún kan tí ilé-iṣẹ́ fi ń san owó àtijọ́. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ lè béèrè àfikún owó fún àwọn ọdún tí ó ti kọjá nígbà tí àdéhùn bá wọlé, ṣùgbọ́n òfin kò sọ ọ́ di dandan. Ìdúnàádúrà ni òun náà.

Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ sọ ọ́ tí kò yanjú, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ké sí National Mediation Board, ìyẹn àjọ onílàjà ti ìjọba àpapọ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, onílàjà ni ó ń sọ ìgbà tí wọn yóò pàdé àti ibi tí wọn yóò ti pàdé. Kò sí òpin ọjọ́ tí òfin fi lé e lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ kí wọ́n jókòó lóṣooṣù, ó sì lè sọ pé kí wọ́n lọ sinmi ná títí di ìgbà tí òun yóò tún pè wọ́n. Ìgbà tí ó bá gbà pé ìlàjà kò lè so èso mọ́ nìkan ni yóò bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kí ẹlòmíràn dá ẹjọ́ náà fún wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ni awakọ̀ tó lè yanṣẹ́ lódì, tí ilé-iṣẹ́ náà sì lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn tàbí kí ó fi àṣẹ tirẹ̀ lélẹ̀.

Àní nígbà náà pàápàá, Ààrẹ Amẹ́ríkà lè dá sí i. Ó lè yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn yóò sì fa ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ gùn sí i ní nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1997, àwọn awakọ̀ American Airlines yanṣẹ́ lódì ní ọ̀gànjọ́ òru. Kí wákàtí kan tó kọjá, Ààrẹ Bill Clinton ti yan ìgbìmọ̀, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí lọ́jọ́ yẹn ni ẹni tí yóò máa wa àwọn bàálù kékeré oníjẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó bọ̀ fún ẹ̀ka agbègbè.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí ìbò tí ìròyìn máa ń gbé. Bí awakọ̀ bá dìbò fún ìyanṣẹ́lódì, àṣẹ ni wọ́n fi lé àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ lọ́wọ́ pé, bí ọjọ́ tí òfin gbà bá dé, kí wọ́n lè kéde rẹ̀ láìtún padà wá béèrè. Iye ìbò náà sábà máa ń kọjá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ìdí tí wọ́n fi ń dì í ni kí ilé-iṣẹ́ àti onílàjà lè rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ dúró lẹ́yìn aṣojú wọn. Wọ́n lè dì í nígbà tí wọ́n ṣì wà láàárín ìlàjà, tí kò tíì sí ẹni tí ó ka ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, ohun tí èrò ọkọ̀ ní láti béèrè kì í ṣe bóyá wọ́n ti dìbò. Bóyá àjọ onílàjà ti tú wọn sílẹ̀ ni.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dé ibẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2001, àwọn awakọ̀ Comair, ilé-iṣẹ́ agbègbè tí Delta ni ní Cincinnati, dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọn kò sì padà fún ọjọ́ 89. Gbogbo bàálù Comair ni ó wà nílẹ̀. Wọ́n rí owó tí ó dára ju ti ẹlẹgbẹ́ wọn gbà. Ní ọdún 2012, Delta ti Comair pa, ó ní ìnáwó rẹ̀ ti pọ̀ jù, bàálù oníjókòó 50 rẹ̀ sì ti ń gbó. Kò tọ́ kí a sọ pé ìyanṣẹ́lódì ni ó pa á, nítorí ọdún mọ́kànlá ni ó wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ìtàn Comair máa ń wà nínú yàrá ìdúnàádúrà bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ìfàsẹ́yìn tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti Republic. Àwọn awakọ̀ rẹ̀, tí wọ́n wà lábẹ́ ẹgbẹ́ Teamsters, bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà ní ọdún 2007. Oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, èyí tí ó gbé owó igbákejì tuntun dé 40 dọ́là fún wákàtí. Ọdún mẹ́jọ. Ẹni tí ó bí ọmọ ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti mú ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí owó rẹ̀ tó yí padà. Nígbà tí ó sì fi máa dé, ó ti pẹ́: awakọ̀ ti ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ Republic débi pé ó ń fagi lé ìrìnàjò, ní oṣù kejì ọdún 2016 sì ni ó wọ ilé ẹjọ́ lọ wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè, tí ó sì ka àìtó awakọ̀ mọ́ ohun tí ó fà á.

Ohun tí ó yí ọjà padà

Kí ló mú awakọ̀ ṣọ̀wọ́n? Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù 3407 ti ilé-iṣẹ́ agbègbè Colgan Air, tí ó ń fò lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá Continental láti Newark lọ sí Buffalo, já lu ilé kan ní Clarence Center ní ìpínlẹ̀ New York. Gbogbo ènìyàn 49 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan nínú ilé náà sì kú pẹ̀lú wọn. Àjọ NTSB tí ń wádìí ìjàǹbá sọ pé ọ̀gá awakọ̀ fèsì lódì nígbà tí bàálù ń kìlọ̀ pé eré rẹ̀ ti kéré jù láti gbé e dúró lójú òfúrufú. Wọn kò sọ pé owó oṣù ni ó fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní gbangba, àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ ohun tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: pé igbákejì awakọ̀ náà ti wọ bàálù láti Seattle ní òru mọ́jú kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ní Newark, àti pé owó tí ó ń gbà kò lè gbọ́ bùkátà ilé ní ìlú tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ẹbí àwọn tí ó kú kò sinmi. Ìsapá wọn wà lára ohun tí ó mú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin ọdún 2010, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013. Tẹ́lẹ̀, igbákejì awakọ̀ lè wọ iṣẹ́ pẹ̀lú wákàtí 250 lójú òfúrufú. Òfin tuntun sọ ọ́ di 1,500, pẹ̀lú ẹ̀dínkù fún àwọn tí ó ti iṣẹ́ ológun wá tàbí tí wọ́n kàwé nípa ìfòkọ̀ ní yunifásítì. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi ọdún púpọ̀ àti gbèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kó wákàtí 1,500 jọ kí ó tó wá gba 18,000 dọ́là lọ́dún. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Lẹ́yìn náà COVID dé ní ọdún 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi owó tu ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ àgbà lójú kí wọ́n fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé 65, ọjọ́ orí tí òfin fi lélẹ̀. Nígbà tí èrò padà ní ọdún 2021 àti 2022, wọ́n fẹ́ awakọ̀ kíákíá, ilé-iṣẹ́ agbègbè ni wọ́n sì ti lọ kó wọn.

Nígbà yẹn ni ohun tí ìdúnàádúrà ọdún mẹ́jọ kò lè ṣe wá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Piedmont àti Envoy kéde owó tuntun, PSA tẹ̀lé wọn. Igbákejì tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gba 90 dọ́là fún wákàtí. Kó tó di ìparí oṣù kẹjọ, Mesa, ilé-iṣẹ́ agbègbè mìíràn tí ó ń fò fún American, ti kéde 100. Kò sí ìyanṣẹ́lódì, kò sí onílàjà. Ẹni tí àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ṣí i fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn ìlú tí American ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní bàálù tí yóò gbé èrò dé ibẹ̀ mọ́.

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ sí. Púpọ̀ nínú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́ American kéde lọ́jọ́ yẹn kò wọ inú àtẹ owó ìwé àdéhùn. Lẹ́tà ni wọ́n fi kọ ọ́ láàárín ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí àfikún tí yóò wà títí di oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré. Ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn kò lè kú, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ; òfin ọdún 1926 kan náà tí ń dá owó dúró kí ó má gòkè ni kò ní jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó wà nínú lẹ́tà tí ó ní ọjọ́ òpin lè lọ bí ó ṣe dé. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ bí ALPA, tí ó ti wà láti ọdún 1931, bá ń béèrè àdéhùn tuntun lẹ́yìn tí owó ti gòkè, kì í ṣe pé ojú ń kán àwọn awakọ̀ sí owó mìíràn lórí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Wọ́n fẹ́ kí èyí tí wọ́n ti rí di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà padà nígbà tí awakọ̀ bá tún pọ̀ lọ́jà. Ní SkyWest, tí ó tóbi jù nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀, nítorí pé àwọn awakọ̀ ibẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè; ẹgbẹ́ abẹ́lé kan ni ó ń bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wọn.

Bí àwọn aṣojú bá sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìwé kan, kò tíì di àdéhùn. Ìgbìmọ̀ aṣíwájú awakọ̀ ilé-iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà wọn yóò gbé e síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti dìbò, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí Envoy ti ṣe. Ìròyìn tí ó sọ pé ilé-iṣẹ́ kan àti awakọ̀ rẹ̀ ti yanjú sábà máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìbò yìí.

Ti Mesa ni ó jẹ́ kí n rí gbogbo rẹ̀ kedere. Lẹ́yìn tí ó gbé owó awakọ̀ dé 100 dọ́là, owó tí American ń san fún un lórí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan kò tó ìnáwó mọ́, wọn kò sì rí ọ̀nà bá ara wọn ṣàtúnṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Mesa kéde pé òun yóò fi American sílẹ̀, òun yóò sì gbé àwọn bàálù náà lọ fò fún United, tí ó gbà láti ru ẹrù owó awakọ̀ tuntun náà. Awakọ̀ kan náà, bàálù kan náà; ẹni tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ó yí padà.